Ọwọ́ Tí Mo Fi Gbé Ọ̀pá Fún Arẹwà

                                        Ilé Alágbàfọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Oníbàtà,
                                        Òpópónà Ilé Omi.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹjọ.

Rédíò, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Bàbá ńkọ́, àti àwọn àbúrò ẹ tó máa ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo? Ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ irun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kó o di orí oníbàárà, àbí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lo ṣì ń gbá? Mo kí gbogbo yín pátá. Ní tèmi, ara mi le, ọkọ mi ń bẹ, ìyá ọkọ mi ń bẹ, àìsàn ò ya ilé wa. Aṣọ tó o fi ránṣẹ́ nígbà ìgbéyàwó, mo ti wọ̀ ọ́, ó bá mi mu bíi pé ara mi ni wọ́n gé e sí.

O ní mo ti gbàgbé ẹ látìgbà tí mo ti rí ọkọ. Irọ́ lo pa. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé kíkọ ò rọ̀ mí lọ́rùn, ibi tí mo kàwé dé kò jìnnà. Bí mo bá kọ ìlà kan, mo ní láti sinmi bí ẹni tó ń gbé omi gun òkè. Bó o bá rí ibi tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, fojú fò ó. Ọkọ mi ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, torí ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Jọ̀ọ́, má gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdí tá a fi sọ ẹ́ ní Rédíò.

Kí n tó débẹ̀, ilé ọkọ dùn. Yàrá méjì là ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi ń tún bàtà ṣe níwájú, ìyá ẹ̀ ń fọ aṣọ aláṣọ, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Bílẹ̀ bá ti mọ́, òórùn gọ́ọ̀mù á máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọkọ, òórùn ọṣẹ á máa bọ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, èmi á wà láàárín wọn. Ojú ṣì ń tì mí gan-an. Bí ọkọ mi bá pè mí níwájú oníbàárà, mo máa ń dáhùn bí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní òun ti rò pé odi lòun fẹ́, àfìgbà tóun gbọ́ tí mò ń kọrin nídìí ẹ̀rọ omi.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan wà nílé. Mo dàgbà jù ú lọ, àmọ́ o mọ bó ṣe máa ń rí, inú ilé ni mo bá a, ọkọ ló jẹ́ sí mi. Mi ò gbọdọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí, ni mo bá sọ ọ́ ní Arẹwà. “Ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ fún un lómi, ọwọ́ méjì ni mo fi ń gbé e, orúnkún mi á sì tẹ̀. Òun alára kì í fẹ́. Á ní, “Ìyàwó wa, dìde jàre, má sọ mí di arúgbó lọ́sàn-án gangan!” Mi ò gbọ́. Ìyá ẹ̀ ń wò mí láti ìdí áyọ́ọ̀nù, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi nílé.

Wàyí o, ìròyìn mi rè é.

Ìlú kan wà lókè òkun tí wọ́n ní òun àti ìlú tí mo wà yìí jẹ́ ìbejì. Kì í ṣe pé ìyá kan ló bí wọn o. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì ló bára wọn ṣàdéhùn kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ, pé àwọn á máa ṣe bí ọmọ ìyá. Ohun tó wá fi ìbejì náà hàn jù báyìí ni eré ìdárayá àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dún kan, àwọn ọmọ tiwọn á wá, wọ́n á wọ̀ sílé wa, wọ́n á bá wa gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á bá wa sáré. Lọ́dún kejì, tiwa á lọ bá wọn. Lọ́dún yìí, àwọn ló wá. Ọjọ́ tí eré bá parí ni wọ́n máa ń dárúkọ àwọn tiwa tó máa lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti lé lọ́mọ ogún ọdún kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mélòó lèmi? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Bí mi ò bá rí i mú lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Ó yẹ kó o bi mí pé báwo ni ìyàwó tuntun ṣe dé ìdí eré sísá. Ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà ló fà á. Mo gbé aṣọ lílọ̀ lórí, mò ń kọjá lẹ́bàá pápá tí Arẹwà àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń dánra wò, ni afẹ́fẹ́ bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fò. Rédíò, bí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn bá kanlẹ̀, màá tún un fọ̀, màá tún un lọ̀, màá sì tún ṣàlàyé. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo ká aṣọ sókè, mo gbá tẹ̀ lé e. Mo kọjá lára àwọn tó ń sáré, mo sì hán an lófuurufú. Obìnrin tó ń kọ́ wọn, Olófèrè ni wọ́n ń pè é torí fèrè tí kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, fọn fèrè sí mi bíi pé mo jalè.

Ó ní, “Ìyàwó ilé wo nìyẹn?”

Arẹwà ké lọ́ọ̀ọ́kán, “Tiwa ni! Ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ o, tiwa ni!”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi wá àlòkù bàtà eré kan, ó rán an, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí i. Ìyá ọkọ mi sọ pé, “Kí iṣẹ́ mi má ṣáà ti dúró.” Kò dúró. Mo máa ń fọ tèmi tán kí n tó lọ.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fi wọ̀ sọ́dọ̀ wa nínú àwọn àlejò ga tó ilẹ̀kùn. Òpó là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀dì Arẹwà ló ń sùn sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì á yọ síta bí ọwọ́ ọmọlanke. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tiẹ̀. Bínú ẹ̀ bá dùn, á fọwọ́ gbá àyà. Bó bá ń fẹ́ iyọ̀, á fọwọ́ gbá àyà kan náà. A ti gbé iyọ̀ fún un nígbà tó jẹ́ ìdùnnú ló ń ṣe é, ó sì lá a kó má bàa dùn wá. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ojú ń ti òun náà.

Wọn kì í fi ìlú kan kojú ìkejì nínú eré náà, ṣe ni wọ́n máa ń pò wá pọ̀. Wọ́n fi èmi àti Arẹwà pẹ̀lú àlejò méjì sínú ẹgbẹ́ kan fún eré ọ̀pá, èyí tí à ń pè ní réléè nígbà tá a wà níléèwé. Òpó á kọ́kọ́ sá, á gbé ọ̀pá fún mi, èmi á gbé e fún Arẹwà, Arẹwà á gbé e fún ẹni tó kẹ́yìn. Nígbà tiwa, ọwọ́ tó bá wù wá la fi ń gbà á. Ti Olófèrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni Òpó á fi mú un, èmi á fi òsì gbà á, òsì yẹn náà ni màá fi gbé e fún Arẹwà, òun á fi ọ̀tún gbà á. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pààrọ̀ ọwọ́ lójú ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pá ti ń bọ́.

Ṣé o ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ? Ọwọ́ òsì! Fún ọkọ mi! Láìkúnlẹ̀, tí mo tún ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀!

Mo gbìyànjú, Ọlọ́run ló rí mi. Màá gbà á lọ́wọ́ Òpó, màá sáré débi tí mo ti ń wo ẹ̀yìn Arẹwà, tó ti na ọwọ́ sẹ́yìn dè mí, ọwọ́ mi á kàn ṣàdéédé gbé ọ̀pá bọ́ sí ọ̀tún. Mi ò rán an níṣẹ́. Orúnkún mi náà á fẹ́ tẹ̀. Bí mo bá wá na ọ̀tún, màá forí gbá èjìká ẹ̀, ọ̀pá á sì dún gbàǹgà nílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣẹlẹ̀. Olófèrè ní, “Kí ló ṣe ọwọ́ òsì ẹ?” Mo wolẹ̀. Kí ni kí n wí? Pé mò ń bọ̀wọ̀ fún Arẹwà lórí eré?

Nígbà náà ni bàbá kan tó tẹ̀ lé àwọn àlejò wá, tó máa ń gbé báàgì oògùn kọ́ èjìká, sún mọ́ mi. Ó di ọwọ́ òsì mi mú, ó ń tẹ ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí ní nǹkan lédè wọn. Mo tẹrí ba, torí àgbàlagbà ni. Ó rò pé ìrora ló ń ṣe mí. Ó fi òróró pa ọwọ́ náà, ó sì fi báńdéèjì wé e títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Rédíò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó di ọwọ́ tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo délé, mo di ọba. Ìyá ọkọ mi gba aṣọ tútù lọ́wọ́ mi, Arẹwà pọnmi, Òpó ń fọwọ́ gbá àyà ṣáá, a ò mọ̀ bóyá àánú ni àbí iyọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kẹ́ mi tó ni ẹnu mi ń wúwo sí i. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá tètè sọ, ńṣe ló máa ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Olófèrè yà nílé. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ìyá ọkọ mi pé, “Ẹ jẹ́ kó sinmi, Màmá. Màá fi ẹlòmíì sípò ẹ̀ lọ́jọ́ eré, ní Sátidé.” Ìyá ọkọ mi ní ó ṣeun.

Inú mi bà jẹ́, àmọ́ ẹkún ò wá. Nǹkan míì ló wá. Mo jókòó sórí àpótí aṣọ, mo wo báńdéèjì yẹn, mo ní, Tẹ́ẹ́rẹ́, ṣé ìtìjú ló máa bá ẹ jẹ eléyìí náà? Nígbà tí wọ́n ní kó o fi iléèwé sílẹ̀, o tẹrí ba. Nígbà tí olùkọ́ ní kó o padà wá gbèjà ara ẹ, o ò róhùn gbé jáde. Eléyìí ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún, láàárọ̀, kí oníbàárà tó dé. Ó ń gbọ́ ọ, ó dá abẹ́rẹ́ ńlá ọwọ́ ẹ̀ dúró sínú awọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo bi í bóyá ká bẹ Olófèrè kó fi ẹlòmíì sípò Arẹwà, ẹni tí kì í ṣe ọkọ mi.

Ó ní, “Nílùú òkè òkun yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n á máa wá ẹni tí o kì í kúnlẹ̀ fún kiri ni?” Ó wá dìde láàárín bàtà, ó kẹ̀yìn sí mi, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn. “Èmi ni ọkọ gan-an alára. Bó o bá lè fún mi, o ti fún gbogbo ilé. Ó yá, gbé bàtà wá.”

Mo mú bàtà kan lọ́wọ́ òsì. Apá mi gan. Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, “Mi ò fẹ́ ìkúnlẹ̀, bàtà ni mo fẹ́.” Mo fún un. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún na ọwọ́. Mo fún un lómìíràn, àtòmíràn, bàtà ọkùnrin, bàtà obìnrin, èyí tí kò ní gìgísẹ̀, títí apá mi fi rọ̀. Obìnrin kan tó wá gba bàtà ẹ̀ bá wa bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe?” Mo sá sábẹ́ tábìlì. Mo ṣì ń tijú, àbí o rò pé ó ti tán?

Arẹwà kò jẹ́ kó pẹ́. Bí mo ṣe sọ fún un, ó pariwo: “Nítorí èmi? Ìyàwó wa, mo yọ̀ǹda! Fẹsẹ̀ gbé e fún mi, màá gbà á!” Àmọ́ ìyọ̀ǹda ọmọ ò tó, ìyá wà níbẹ̀. Mo lọ bá wọn nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo tú báńdéèjì náà níwájú wọn, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ọ́ dé òpin. Mo ní mo fẹ́ lọ, ọwọ́ òsì sì ni wọ́n fi ń lọ.

Wọn ò gbójú sókè. Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀ lára kọ́là. Wọ́n ní, “Ọwọ́ òsì. Fún ọmọ mi. Lójú gbogbo èrò.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n bi mí kí wọ́n tó fún ẹ lọ́pàá? Jẹ́ kí n ráyè lọ aṣọ mi.”

Ìdáhùn wo nìyẹn, Rédíò? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Síbẹ̀, mo dìde, mo wọ bàtà, mo lọ bá Olófèrè ní pápá. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àwa àtàwọn àlejò. Mo gbé ọwọ́ òsì mi sókè ní gbangba. Mo ní, “Ọwọ́ yìí ò dùn mí rí. Ojú ló ń tì mí láti fi í fún ẹbí ọkọ mi ní nǹkan. Ẹ má yọ mí.” Èmi náà ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún bàbá olóògùn, ó gbá iwájú orí ara ẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́, òsì náà ló bọ̀. Olófèrè ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, “O wà níbẹ̀. Àmọ́ bó o bá tún pààrọ̀ ọwọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ lo yọ ara ẹ, kì í ṣe èmi.”

Ọjọ́ Sátidé pé. Èrò kún pápá. Mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n di gèlè, báàgì lórí itan, ojú wọn kò sọ nǹkan kan. Mo pinnu níbi tí mo dúró sí pé orúnkún mi á máa tẹ̀ nílé, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Àmọ́ lórí pápá, ọ̀pá ni kó dé ibi tó ń lọ.

Wọ́n yìnbọn. Òpó já dé bí ìjì, ó fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́ òsì, mo bẹ́ gìjà. Mi ò rántí ilẹ̀ tí mo tẹ̀. Ohun tí mo rántí ni ẹ̀yìn Arẹwà àti àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ tó là sílẹ̀ dè mí. Ọwọ́ ọ̀tún mi tún dìde, kó wá gbà á. Mo di í ní ẹ̀ṣẹ́. Mo na òsì, mo sì pariwo, “Gbà!” Rédíò, mo jágbe mọ́ ọkọ mi! Ọ̀pá wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì lọ. Mo dúró síbi tí mo wà, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mò ń wo ọwọ́ mi tó ti ṣófo.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sáré. Ipò kejì la wà, ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n fi ṣáájú ẹni tó sá kẹ́yìn nínú wa, kò burú. Ọkọ mi tó jókòó lẹ́yìn ìyá ẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì fún mi. Ó ní obìnrin kan tí wọ́n máa ń bá fọ aṣọ yíjú sí wọn pé, “Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ ò rí ìyàwó yín? Òsì ló fi gbé e fún ọmọ yín, ó tún jágbe mọ́ ọn!”

Wọ́n ní, “Mo rí i. Ṣé ọ̀pá náà jábọ́?”

“Kò jábọ́.”

“Ó dáa. Bó bá jábọ́ ni kẹ́ ẹ wá fẹjọ́ sùn.”

Lẹ́yìn ìyẹn, Olófèrè bọ́ sí àárín, ó pe àwọn tó ń lọ. Ó pe Arẹwà. Ó pe àwọn kan. Ọ̀rẹ́ mi, ó pe èmi náà. Òpó gbé mi sókè bí ọmọ ọwọ́.

Àwọn àlejò ti lọ báyìí, ilé dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ò sọ nǹkan kan fún mi nípa ẹ̀ títí di àárọ̀ yìí, tá a jọ ń sá aṣọ. Wọ́n ń nawọ́, mò ń gbé aṣọ lé e, wọ́n wá ní láìwojú mi, “Nílùú tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, má jẹ́ kí n gbọ́ pé o tún ń wá ọwọ́ ọ̀tún kiri.” Mo ní, “Ẹ ò ní gbọ́ ọ, Mà.” A sì ń sá aṣọ lọ.

Mò ń lọ, Rédíò. Ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú ń bà mí, ẹ̀rù èdè wọn ń bà mí, ọkàn mi ò sì fẹ́ fi oníbàtà mi sílẹ̀ rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ mi lára ni. Ó ní kí n lọ, òun á máa gbálẹ̀. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló máa wọ bàtà mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀ kí oòrùn tó le, èmi àti Arẹwà, mi ò sì ní dá a dúró.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Kí àwọn àbúrò ẹ, ní kí wọ́n fàyè gba ara wọn. Kí ọ̀gá ẹ. Ọkọ mi kí ẹ, Arẹwà ní òun náà fẹ́ mọ ẹ. Bó o bá ráyè, wá kí mi kí n tó lọ, kó o sì fèsì kíá.

Ìwọ lo ni mí, nílé ọkọ àti lókè òkun,

Tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ.